Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Dúró ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Nílé wa ní Beyerùnká, kò sẹ́ni tó ń ra ohun tí wọ́n fi irin ṣe kí ìyá mi má fi ìka kan án wò. Ìbáà ṣe ìkòkò, ìbáà ṣe sítóòfù, wọ́n á gbé e wá síwájú Màmá, Màmá á fi oríkèé ìka kan án, á dẹtí sí i, á sì sọ bóyá ó pé tàbí ó ti là níbi tí ojú ò tó. Ẹnikẹ́ni kì í bá a jiyàn. Ó ta ìkòkò àlùmíníọ̀mù ní Ọjà'ba láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi títí di ìgbà tí irun èmi náà ti ń funfun, owó ìkòkò wọ̀nyẹn ló sì fi rán mi níléèwé. Nítorí náà, nígbà tí mo sọ nílé pé mo fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ológeere, tí mo tún fi ẹnu ara mi sọ pé àlùmíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, ó yẹ kí n ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ṣe jẹ́, kí ẹ má baà rò pé orí mi ti dàrú. Olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìhà Yemẹtù. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi wà ní yunifásítì, mo sì ti padà sílé bàbá mi lọ́dọ̀ Màmá. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń pè mí. Àǹtí, ó gbá mi létí. Àǹtí, mo fẹ́ tọ̀. Tí mo bá délé, àwọn ará agbo ilé á gba ìpè náà ṣe. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ni ló mú mi wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ Sátidé, ó sì yá mi ní kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gùn ún kọjá Mọ́níyà, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lójú, mo ṣàdédé rí i pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí kẹ́yìn fún ohunkóhun. Mi ò ní purọ́ fún yín, omi bọ́ lójú mi. Ọ̀rẹ́ mi bi mí pé kí ló dé, mo ní eruku ni.

Ṣòkòtò gbọọrọ ni mo máa ń wọ̀, pẹ̀lú aṣọ tó bò mí dé orúnkún, màá wá dé akoto lé híjáàbù mi. Ìyá Kékeré, ìyàwó àbúrò bàbá mi tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, wò mí láti òkè délẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní ṣé báyìí ni ayé ṣe wá dà. Mo ní bó ṣe dà nìyí, ẹ kú ìjókòó, mà. Mo rántí pé mo kúnlẹ̀ sọ ọ́. Mo lẹ́nu, àmọ́ mo lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Nígbà tó yá, ọmọ ọ̀rẹ́ mi dé láti Ìlọrin, ó ní òun fẹ́ gba kẹ̀kẹ́ òun. Ẹgbẹ́ wa sì ti ń múra láti gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọ̀yọ́ kí òjò tó wọlé dé. Mo bá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Mo bi àwọn tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́, mo wo fídíò lórí fóònù títí ojú fi ń ta mí. Wọ́n jẹ́ kó yé mi pé kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń sá eré ìje máa ń tẹ ẹ̀yìn èèyàn ba. Èyí tó yẹ irú wa ni èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà jíjìn, tí ọwọ́ rẹ̀ ga díẹ̀, tí táyà rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, tí èèyàn lè jókòó lé láti àárọ̀ kí ọrùn má gan. Wọ́n ní èyí tí wọ́n fi kábọ̀nù ṣe fúyẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ṣubú lórí ọ̀nà tiwa yìí, ó lè fọ́ bí àwo. Èyí tí wọ́n fi ògidì irin ṣe lágbára, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa tì í gun òkè Mápó? Àlùmíníọ̀mù ló wà láàárín, ó fúyẹ́, kì í dípẹtà, apá wa sì ká a. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń ru àlùmíníọ̀mù lórí lọ sọ́jà, ó ti wá tó àkókò kí àlùmíníọ̀mù náà gbé mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé etí Màmá ò gbọ́ràn mọ́. Gbogbo ilé ló mọ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Ọjà ló ti bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà á béèrè ọmọrí ìkòkò, Màmá á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á ní kó bá òun kí àwọn ará ilé. Wọ́n á ná ìkòkò ńlá, á dáhùn fún kékeré. Nígbà tó ṣe, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, òun ò lè máa rìn lọ sọ́jà mọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn ìsọ̀. Gbogbo wa gbà pé ẹsẹ̀ ni. A kó àwọn ìkòkò tí kò tà jọ sínú yàrá mi, Màmá sì ń jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń fa tẹ̀sùbáà.

Ní agbo ilé tiwa, èèyàn kì í gbé ohùn sókè sí àgbà. Tí o bá fẹ́ bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀, wàá kúnlẹ̀, wàá rẹ ohùn sílẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe ń kúnlẹ̀ níwájú Màmá nìyẹn, tí a ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́, tó ń mi orí, tó ń sọ pé ó dáa, ọmọ mi. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, wọn ò bi í ní nǹkan kan mọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ dájọ́ ìgbéyàwó, tí wọ́n bá fẹ́ kun ilé, ọ̀dọ̀ Ìyá Kékeré ni wọ́n ń lọ. Irin nìkan ló kù tí wọ́n ń gbé wá bá Màmá, torí ìyẹn ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Á kan án, á dẹtí, á ní ó dáa. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ti pẹ́ tí ó ti sọ kẹ́yìn pé ọ̀kan ò dáa.

Mo ti kọ́kọ́ dá lọ wo kẹ̀kẹ́ ní ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta tòkunbọ̀ nítòsí Ògùnpa. Méjì ló wà níbẹ̀ tó jẹ́ irú èyí tí mò ń wá. Ọ̀kan láwọ̀ ojú ọ̀run. Mo jókòó lé e, ọwọ́ mi dé ibi tó yẹ, ẹsẹ̀ mi dé ibi tó yẹ, ẹ̀yìn mi sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí gbogbo oríkèé tí wọ́n ti jó irin rẹ̀ pọ̀, mi ò rí àléébù kankan. Èkejì láwọ̀ eérú, ọkùnrin gíga ni wọ́n ṣe é fún, ó tóbi jù mí lọ. Mo ní kí ọkùnrin náà bá mi fi ti ojú ọ̀run pamọ́.

Nígbà tí mo délé, mo fi àwòrán rẹ̀ han Màmá lórí fóònù. Mo na ìka sí fíréèmù rẹ̀, mo wá na ìka sí ìkòkò, kó lè yé e pé ohun kan náà ni. Ojú ẹsẹ̀ ló dìde, tó ń wá gèlè rẹ̀. Ó ní a jọ ń lọ ni. Ojú rẹ̀ dán tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè ní rárá. Lóòótọ́, èmi náà fẹ́ kó ṣàdúrà sí i. Ẹ lè sọ pé àgbàlagbà olùkọ́ ni mí, ṣùgbọ́n mi ò lè gun ohun tí ìyá mi ò bá fọwọ́ sí bọ́ sí ọ̀nà Ọ̀yọ́, láàárín àwọn tírélà wọ̀nyẹn. Ara mi ò ní gbà á. Tí Màmá bá kọ̀ ọ́, kò sí Ọ̀yọ́ fún mi nìyẹn.

Nígbà tí a dé Ògùnpa, ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ kí Màmá, ó gbé àga fún un. Ó ti rí i pé ọ̀rọ̀ ń bọ́ sílẹ̀ láàárín òun àti Màmá, ló bá ń fi ọwọ́ polówó. Ó gbé ti ojú ọ̀run sókè, ó yí irin kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, táyà sì yọ sí i lọ́wọ́ láìlo sípánà. Ó ní ohun tó dùn jù lára rẹ̀ nìyẹn, pé mo lè tú u, kí n gbé e wọ yàrá, kí n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, olè ò sì ní mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ wà nílé. Inú mi dùn, èmi náà tẹ́ ọwọ́ mi kan pẹrẹsẹ fún bẹ́ẹ̀dì, mo ti ìkejì sábẹ́ rẹ̀ láti fi han Màmá. Ó wo táyà tó yọ, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí ti eérú, ó fẹ́ mọ̀ bóyá tiẹ̀ náà ń yọ. Ọkùnrin náà mi orí, ó fi hàn án pé wọ́n dè é pinpin, àfi kéèyàn wá irinṣẹ́.

Màmá wá dìde, ó ká ọwọ́ aṣọ sókè bó ṣe máa ń ṣe ní ìsọ̀. Ó kan ti eérú, ó dẹtí, ó ní èyí dáa. Ó kan ti ojú ọ̀run. Bó ṣe tẹ̀ ba tó gbé etí sún mọ́ ọn, tírélà kan fọn fèrè lẹ́yìn wa gan-an. Èmi fò sókè, ọkùnrin náà gbá àyà mú, adìẹ kan sá wọ abẹ́ tábìlì. Màmá ò mira. Ó ṣì ń tẹ́tí sí àlùmíníọ̀mù. Ó tún un kàn, ó nàró, ó sì sọ̀rọ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sí lọ́jọ́ tó ti pẹ́.

"Èyí ti là nínú," ó ní. "Ẹ má tà á fún ọmọ mi."

Ọkùnrin náà búra. Ó gbé kẹ̀kẹ́ bọ́ sínú oòrùn, ó ń yí i síwá sẹ́yìn, ó ní ibo ló ti là, kí a fi han òun. Àwọn tó ń kọjá ti ń dúró wò wá. Ó kọjú sí mi, torí ó mọ̀ pé mo ti tan tọ́ọ̀ṣì sí i fúnra mi. Gbólóhùn kan péré ni mo nílò, pé Màmá, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wo ìyá mi bó ṣe dúró, pẹ̀lú ọwọ́ aṣọ tó ká sókè, obìnrin tí gbogbo Ọjà'ba ń gbé ìkòkò wá bá rí. Ta ni mo fẹ́ jẹ́ tí màá fi dójú tì í láàárín ọjà? Mo ṣẹ́jú sí ọkùnrin náà, mo ní kó fún mi ní ti eérú.

Kì í ṣe ọmọdé, ó yé e. Ó rọra sọ fún mi pé tí kò bá bá mi lára mu, kí n dá a padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òun ò ní tíì ta ìkejì. Màmá gbé ọwọ́ lé ìjókòó kẹ̀kẹ́, ó ṣàdúrà títí àmín fi sú mi. Inú ń bí mi, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Inú ń bí mi délé.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gùn ún jáde. Ọwọ́ mi nà tán, bí ẹni tó ń sá aṣọ sórí okùn tó ga jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ẹgbẹ́. Kí a tó dé Mọ́níyà, ọrùn mi ti gan. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ, mo yí padà. Nílé, kẹ̀kẹ́ náà ò ṣe é gbé wọ yàrá mi nítorí ìkòkò tó kún ibẹ̀, mo bá fi í ti ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ọ̀kánkán àga Màmá. Ó gbé ojú sókè, ó rí i, gbogbo ara rẹ̀ sì rọ̀. Ó ní o ti dé. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti gùn ún jáde tí mo padà. Mo rò pé ó ń yọ̀ pé òun ṣì mọ irin yàn ni, ìyẹn sì ń dá kún ìbínú mi.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fẹ́ parí, mo pinnu. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lẹ́yìn ìrun alásárì, mo fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé pé kẹ̀kẹ́ yìí ò bá mi mu, pé mo fẹ́ lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní òun ti jẹun. Mo tún un sọ. Ó ní ó dáa, ọmọ mi. Mo na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́, mo tún un sọ, ó gbàdúrà fún kẹ̀kẹ́. Nǹkan kan wá já nínú mi. Kì í ṣe nítorí kẹ̀kẹ́ nìkan. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ fún obìnrin yìí láti ìgbà tí mo ti padà sílé, tí kò sí èyí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun ló ru bò mí lójú. Mo dìde nàró, mo sì fi ohùn tí mo fi ń dá kíláàsì dúró sọ ọ́.

"Màmá, mo fẹ́ dá kẹ̀kẹ́ yìí padà!"

Àwọn ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Kékeré jáde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó ní ṣé ìyá mi ni mò ń jágbe mọ́ báyìí, ṣé ohun tí mo kọ́ lórí kẹ̀kẹ́ nìyẹn. Ojú tì mí. Mo ti ń wá ilẹ̀ tí màá kúnlẹ̀ sí nígbà tí Màmá gbé ọwọ́ sókè sí Ìyá Kékeré.

"Fi í sílẹ̀, ìyàwó. Mo gbọ́ ohun tó sọ." Ó kọjú sí mi. "Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ kẹ́yìn."

Ó wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀, láìfi bò. Ó ní òun ò gbọ́ pé kẹ̀kẹ́ kankan là, pé òun ò gbọ́ ohùn ìkòkò mọ́ kí òun tó fi ìsọ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ó ní tẹ́lẹ̀, tí mo bá ń bọ̀, òun ti máa ń gbọ́ bàtà mi láti ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń gun kẹ̀kẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi yá mi, tí mo bá ti jáde, òun á jókòó sórí àga yìí, òun á máa ro ti tírélà, ọkàn òun ò ní balẹ̀, láìmọ̀ pé mo ti gba ẹ̀yìn ilé wọlé, mo ti wẹ̀, mo ti sùn. Ó ní àìmọye ìgbà ni òun ti dìde lọ ṣí kọ́tìnnì yàrá mi wò. Ó wá rí ọkùnrin Ògùnpa tó yọ táyà, ó rí èmi náà tí mò ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí màá ṣe gbé kẹ̀kẹ́ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Èyí tó tóbi ò lè wọ yàrá," ó ní. "Tí mo bá ti rí i lára ògiri, mo mọ̀ pé o ti dé."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Mo sunkún, mi ò bojú wo ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo rò pé mò ń bo ìyá mi láṣìírí, tí mo tún ń bínú sí i. Nígbà tí mo rí ohùn mi, mo tún gbé e sókè, mo ní Màmá, ti ojú ọ̀run náà á máa dúró sára ògiri, kò ní wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì láéláé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ti tó, kí n má fọ́ ìba etí tó kù. Ìyá Kékeré mi orí, ó wọlé lọ fi omi ṣan ọwọ́ rẹ̀.

Mo lọ pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo gbé ti ojú ọ̀run dé, Màmá na ìka láti kan án, ó sì fa ìka náà padà. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé fíréèmù, ó ní kí èmi kan án, kí n sọ fún òun. Mo kan án. Ó dún jinlẹ̀, ó pé. Mo pariwo rẹ̀ fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

A gun kẹ̀kẹ́ dé Ọ̀yọ́ kí òjò tó dé. Ẹsẹ̀ ro mí, ṣùgbọ́n ọrùn mi ò gan, ẹ̀yìn mi ò sì dùn mí. Nígbà tí mo padà gba Bẹẹrẹ wọlé, oòrùn ti ń rọlẹ̀. Mo ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, mo rí Màmá lórí àga rẹ̀, tẹ̀sùbáà wà ní itan rẹ̀, ó dijú. Mi ò dúró kó lajú kó wá wo ògiri. Mo gbé ohùn sókè, mo ní Màmá, mo ti dé. Obìnrin kan tó ń ta epo níwájú ilé wa yíjú wò mí, mo fojú fò ó.

Màmá ò lajú rárá.

"Káàbọ̀," ó ní. "Mo gbọ́ ọ."